Ogún Ẹyọ Àgbàdo Nínú Aṣọ Tútù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì ga ju ìkòkò omi ìyá mi lọ, orí mi ti ń ṣe ìṣirò tí àwọn tó wọ ṣòkòtò gígùn ń lo bébà fún. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn. Tí mo bá sì fi yangàn, ó tọ́ sí mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an kò pé, ṣùgbọ́n títí di òní yìí, láti Kàbà dé Odò-Ẹrẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó máa bi mí pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ti nǹkan báyìí jẹ́ mélòó, tí yóò pa ẹnu dé kí n tó dá a lóhùn. Àwọn ọmọ mi á máa wá fóònù. Kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n máa tẹ̀, mo ti sọ ọ́, mo ti ń bá oúnjẹ mi lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ jókòó dáadáa. Mo fẹ́ fi ọgbọ́n náà hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ sọ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ilé wa, nítorí a kò rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá àgbà kan wà ní ilé kejì sí tiwa. Opó ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ ní Ìsánlú, òun nìkan ló kù pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì àti ìkòkò omi ńlá kan tí ó bò mọ́lẹ̀ dé ọrùn nínú yàrá rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ṣùgbọ́n kò sí ọkùnrin kan ládùúgbò wa tó jẹ́ gbin àgbàdo láìkọ́kọ́ gbé irúgbìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá ti ń dúdú fún òjò àkọ́rọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ìkíni wa lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, "Okun o, Ìyá, irúgbìn mi rèé o," àpò á máa tẹ̀lé àpò.

Ohun tó máa ń ṣe rèé. Á tú ẹnu àpò, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé abíyá, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ pátápátá, á bu ọ̀kan láàárín, á bu ọ̀kan lókè. Á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú igbá, á rò ó pọ̀. Nígbà náà ni á wá di ojú, á ṣa ogún ẹyọ. Mo bi í nígbà kan ìdí tó fi ń di ojú. Ó ní ojú ènìyàn olójúkòkòrò ni, ibi tó dára ló máa ń lọ. Á wé ogún ẹyọ náà sínú àkísà tó rin, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í, á gbé e sí ìdí ìkòkò omi níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ní ọjọ́ karùn-ún á tú u. Àwọn tó hù á wà ní ọwọ́ ọ̀tún, àwọn òkú á wà ní ọwọ́ òsì.

Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Èmi nìkan ló ń gbà láàyè nínú gbogbo ọmọ àdúgbò, nítorí ó ní èmi nìkan ni kì í fi ọwọ́ kan nǹkan.

"Òkú mélòó?" Báyìí ló máa bi mí.

"Mẹ́ta, Ìyá."

"Jẹ́ kí n gbọ́."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún."

Kò le rárá. Ogún lọ́nà márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó bá kú nínú ogún, òkú márùn-ún ló ń jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan kú, márùn-ún. Méjì kú, mẹ́wàá. Márùn-ún kú, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tí òkú bá ti kọjá mẹ́rin, Ìyá àgbà á sọ fún olóko pé kó fi ẹyọ méjì sí ihò kan. Tí ó bá kọjá mẹ́jọ, á ní kí ó lọ fi se ẹ̀gbo jẹ, kí ó wá irúgbìn míìràn kiri.

Ní ọdún kan ni òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba wá sí abúlé wa lórí alùpùpù. Ó kó bébà dání, ó ń sọ̀rọ̀ pásẹ́ńtì. Ó ní kí bàbá kan tó ní ọgọ́rin ebè ya ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú iṣu tuntun kan tí òun gbé wá. Ó wá lóṣòó, ó gbé bébà lé orókún, ó ń kọ ọ́, ó ń pa á rẹ́.

"Ebè méjìlá," ni mo wí.

Ó wò mí. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Orí mi ni."

Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ máa kọ ọ́ bọ̀ o. Ọmọ náà á dúró dè yín níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa gbogbo àgbà ibẹ̀. Ọkùnrin náà pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà tí ó parí, tí ó sì bá méjìlá lórí bébà. Ó fún mi ní bisikíìtì kan. Mi ò tíì gbàgbé adùn rẹ̀.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Mo mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá mẹ́wàá: nínú ọgọ́rin, mẹ́jọ nìyẹn, òun ni ìdá mẹ́wàá. Ìdá márùn-ún ni ìdajì rẹ̀, mẹ́rin. Mẹ́jọ àti mẹ́rin, méjìlá. Tí wọ́n bá ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ là á sí méjì, kí ẹ tún ìdajì náà là sí méjì. Tí wọ́n bá ní ogún, ọ̀kan nínú márùn-ún márùn-ún ni.

Èyí tó sì dùn mọ́ mi jù ni èyí tí Ìyá àgbà ń pè ní gbígba ẹ̀yìnkùlé. Ká ní wọ́n bi yín ní ìdá méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún ti àádọ́ta. Ó rí gbágungbàgun, àbí? Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ yí i padà, kí ẹ bi ara yín ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti méjìdínlógún. Ìdajì méjìdínlógún ni, mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án náà ni èyí àkọ́kọ́. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti márùndínlọ́gọ́rin ńkọ́? Ẹ yí i padà. Ó di ìdá márùndínlọ́gọ́rin ti mẹ́rin: ẹ pín mẹ́rin sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ yọ ìpín kan kúrò, ó ku mẹ́ta. Ó ní ẹni tó gba ojúde wọlé àti ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé, inú yàrá kan náà ni wọ́n máa bá ara wọn. Àwọn olùkọ́ mi ní ilé-ìwé kò mọ eléyìí. Mo dán wọn wò.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù nínú ti Ìyá àgbà tí kò dùn mọ́ mi nígbà náà. Ó ní, "Bí mo bá ní ọgọ́rùn-ún adìyẹ, tí ìdajì kú, tí ìyókù wá fi ìdajì ara wọn pọ̀ sí i, ṣé adìyẹ mi ti pé padà?"

Mo ní ó ti pé. Ìdajì lọ, ìdajì bọ̀.

Ó ní kí n kà á. Àádọ́ta kú, àádọ́ta kù. Ìdajì àádọ́ta ni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Márùndínlọ́gọ́rin péré ló dé. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi. Ó ní, "Ohun tó lọ, inú púpọ̀ ló ti lọ. Ohun tó ń bọ̀, inú díẹ̀ ló ti ń bọ̀. Wọn kì í pàdé."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Orí tí mo ń sọ pé mo ní yìí, tirẹ̀ ju tèmi lọ, mo ń sọ ọ́ fún yín ní gbangba, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Èmi mọ ìṣirò, òun mọ ìṣirò, ó tún mọ ìwé. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ó yege ìdánwò láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kàbà. Kò sí ọmọbìnrin tó ti abúlé wa lọ síbẹ̀ rí. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè wá jọ, ó na ọwọ́ sí àpò irúgbìn rẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ àká, ó ní, "Kì í ṣe àgbàdo ni mo fẹ́ gbìn lọ́dún yìí. Ọmọ yìí ni mo fẹ́ gbìn." Ohun tí oko bá mú jáde ló máa gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kàbà, òun náà ló máa bọ́ ọ níbẹ̀. Ìyá mi ti ra àpótí onírin fún un. Ó ti kun orúkọ rẹ̀ sára àpótí náà pẹ̀lú ọ̀dà funfun.

Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ kò dára, òjò tètè lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ti jẹ irúgbìn wọn. Bàbá mi nìkan ló ní ẹ̀kún àpò. Ṣùgbọ́n òrùlé àká wa ti jò díẹ̀ ní ìparí òjò, omi ti kán sí ìsàlẹ̀ àpò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọyẹ́ wá dé, ó mú un gbẹ. Irúgbìn tó bá rin tó tún gbẹ, ojú rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ ti kú. Kò sí ojú tó lè mọ̀ ọ́n. Aṣọ tútù nìkan ló ń mọ̀ ọ́n.

Àfi bí ẹsẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ sì wá gbé e lọ sí Ìsánlú láti tọ́jú rẹ̀. Òjò ti ń ṣú. Bàbá mi wò mí, ó ní, "Ìwọ tí o sọ pé o mọ̀ ọ́n, yẹ tiwa wò."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi wú débi pé ẹnu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà mí. Mo wọ inú àká. Agbọ̀n èbù iṣu méjì wà lórí àpò náà, wọ́n wúwo. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí níta, wọ́n ti rí ihò òkété kan lẹ́bàá odò. Mo sún agbọ̀n kan díẹ̀, mo tú etí àpò, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè. Mi ò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Mi ò di ojú. Mo tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣa èyí tó tóbi, èyí tó pupa dáadáa, mò ń fẹ́ eruku kúrò lára wọn, nítorí mo fẹ́ kí ìdáhùn mi dùn ní etí bàbá mi.

Nígbà tí mo jáde, ẹ̀gbọ́n mi ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àká.

"Ṣé o ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀?"

"Mo ti bọ ọ́."

"Ìsàlẹ̀ pátápátá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú èmi àti ẹ̀yin?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni, ọ̀gá." Ó tẹ̀ síwájú nínú ilẹ̀ tó ń gbá.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ojúde wa kún. Mo tú aṣọ náà lójú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí Ìyá àgbà ṣe máa ń tú u. Mọ́kàndínlógún ló hù. Òkú kan ṣoṣo.

"Jẹ́ kí a gbọ́," ni bàbá mi wí.

"Márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló yè."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà na ọwọ́ fọwọ́ kan orí mi, ó ní orí yìí kì í ṣe orí tí a fi ń ru igi.

Àṣà kan wà ní ilẹ̀ wa nígbà náà: a kì í ta irúgbìn. Ẹni tó bá ní ju ohun tó máa gbìn lọ, fífún ló ń fún ẹni tí kò ní. Bàbá mi bi mí pé mélòó ni yóò ṣẹ́ kù tí òun lè fún ènìyàn. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró. Mo ní pẹ̀lú irúgbìn tó yè tó báyìí, kí ó fi ẹyọ kan sí ihò kan, ìdajì àpò ti tó oko wa. Ìṣirò náà kò ní àléébù kankan. Ẹ lè mú fóònù yín kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọkùnrin márùn-ún gbé mùdù tí a fi ń wọn ọkà wá, bàbá mi wọn irúgbìn fún wọn láti òkè àpò títí ó fi dé ìdajì. Ìdajì ìsàlẹ̀ ni àwa gbìn.

Òjò rọ̀, ó tún rọ̀. Ní ọjọ́ keje, oko àwọn márùn-ún náà ti tú ewé. Ilẹ̀ tiwa pupa lásán.

Èmi nìkan ló lọ sí oko náà ní àárọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun òkè, mo ka ogún ihò. Mẹ́rin ló hù. Mo lọ sí àárín oko, mo ka ogún. Mẹ́ta. Mo lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, mo ka ogún. Márùn-ún. Méjìlá nínú ọgọ́ta. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Orí mi sọ ọ́ fún mi kí n tó bi í. Mo fẹ́ kí ó dákẹ́, kò dákẹ́.

Bàbá mi kọ́kọ́ ní àparò ni. Ó ṣọ́ oko fún ọjọ́ mẹ́ta, kò rí àparò. Ó ní kí òun tún un gbìn, kò sí irúgbìn mọ́, ti àwọn tí ó fún ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí ó fi rí díẹ̀ tọrọ ní abúlé kejì, òjò ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Èyí tó gbìn gbẹ lórí ìdúró. Ohun tó sì pa á lára jù ni pé inú àpò kan náà ni ti àwọn márùn-ún yẹn ti wá, tiwọn sì ń ta ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó ní ayé ni. Ó ní ẹnìkan ló fi ọwọ́ òsì gba irúgbìn lọ́wọ́ òun. Pásítọ̀ gbàdúrà sí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà nísàlẹ̀ abúlé náà gbàdúrà sí i. Láti ọdún náà títí ó fi kú, kò fún ẹnikẹ́ni ní irúgbìn mọ́. Ọkùnrin tó lawọ́ jù ládùúgbò ni tẹ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tú gbogbo rẹ̀. Mi ò sọ ọ́.

Ìyá àgbà padà dé pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ní kí n mú òun lọ sí oko náà. Ó hú ẹyọ kan jáde nínú ihò, ó fi eyín gé e, ó tutọ́. Ó bi mí pé, "Òkè àbí ìsàlẹ̀?"

Mo fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bo ihò náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó bi mí ní ìbéèrè tí mi ò dáhùn.

Ó ní, "Lọ sọ fún bàbá rẹ. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́." Ó dúró dè mí títí. Kò sì pè mí sídìí ìkòkò omi mọ́. Kí a tó jẹ iṣu tuntun ọdún kejì, ó ti kú.

Nígbà tí ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé-ẹ̀kọ́, bàbá mi pè é. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, ọmọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dára, Bàbá." Ó kó aṣọ inú àpótí onírin náà jáde, ìyá mi fi àpótí náà kó ẹ̀wà sí kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ lára rẹ̀ síbẹ̀. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹni tó fẹ́ fi í ṣe aya ti ti Odò-Ẹrẹ̀ wá. Èmi náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ìwé mẹ́fà mi tó pé, oko ń fẹ́ ọwọ́.

Mo dàgbà, mo di ẹni tí àwọn oníkajú ń wá kiri. Kí wọ́n tó ra ẹrù lọ́wọ́ àgbẹ̀, èmi ni mò ń la èso wò, tí mò ń sọ ìdá tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ kì í bá mi jiyàn, olówó kì í bá mi jiyàn. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tó ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò bí mo ṣe ń ṣe, títí tí èjìká mi á fi wọlé. Wọ́n rò pé ìmọ̀ iṣẹ́ ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Odò-Ẹrẹ̀. Ó ti di arúgbó díẹ̀, ojú ń dùn ún. Ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ti márùndínláàádọ́ta, ó ń tẹ fóònù.

"Mẹ́sàn-án," ni mo wí kí n tó jókòó.

Ọmọ náà wo fóònù, ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Má bi í," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ilẹ̀ á ṣú." A rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wọlé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀wà. Ó ní, "Àbúrò, mo rí ọ lọ́jọ́ náà."

"Ọjọ́ wo?"

"O ń fẹ́ eruku lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Bàbá ì bá nà ọ́." Ó ju ẹ̀wà kan tó ti lu sẹ́yìn. "Mo sì rò pé ọdún kan péré ni."

Mo fa àtẹ náà súnmọ́ ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀wà.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Nígbà tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin, ó lọ sí ilé-ìwé àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní lẹ́tà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ènìyàn ń kí i pé ó kú oríire. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ìṣirò yẹn láti kékeré. Inú púpọ̀ ló ti lọ, inú díẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ayé ti yí. Irúgbìn ti wọ inú ọ̀rá báyìí, wọ́n ń tẹ iye tó máa hù sára rẹ̀. Ní àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí, mo wé ogún ẹyọ nínú rẹ̀ sínú aṣọ tútù, mọ́kànlá ló hù. Márùndínlọ́gọ́ta. Mo sọ fún àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ gbìn ín. Wọ́n ní ohun tó wà lára ọ̀rá kọ́ nìyẹn. Wọ́n gbìn ín, wọ́n sọkún rẹ̀. Oko tó jìnnà, kò sẹ́ni tó ń lọ mọ́, nítorí àwọn tó ń jí ènìyàn gbé nínú igbó. Àwọn ọmọ ti lọ sí Àbújá, wọ́n lọ sí Lọ́kọ́ja, àwọn òbí wọn ń tẹ̀lé wọn lọ kú síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tètè jí, mo dúró lójúde wa. Ogún ilé ló wà ní àdúgbò wa lókè abúlé láti ìgbà èwe mi. Mo ka ilé tí èéfín ìdáná ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mẹ́rin ni. Mo ní rárá o, ìwọ ọmọ yìí, o tún ti ka òkè nìkan. Mo mú ọ̀pá, mo rìn lọ sí àárín abúlé, mo ka ogún ilé. Mẹ́ta ló ń dáná. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, mo ka ogún. Márùn-ún.

Ẹ mọ iye tó jẹ́. Mo ti kọ́ yín.

Mo dúró lẹ́bàá odò náà pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́nu mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, mi ò ṣa èyí tó dára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àṣìṣe nínú ìṣirò mi rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń wo ojú ọ̀nà bóyá mo máa rí ọmọ kan, ọmọ ẹnikẹ́ni, tí yóò yọ fóònù rẹ̀ jáde, tí yóò tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì sọ fún mi pé mo ṣì í kà.